Ìwé ètò ìlera ọpọlọ: ta ni ẹ kọ sókè pátápátá, ẹ̀yin ará Àbújá?

Abẹ̀kẹ́_Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Òkè Ọya. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí, a kì í sábà sọ ọ́ ní gbangba láàrin ara wa, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ló kàn níbí.

Bipolar ni dókítà pe àìsàn tèmi, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí ara ènìyàn gbóná sódì nígbà mìíràn, kí ọkàn rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì gan-an nígbà mìíràn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo oògùn sí i. Mò ń lọ síbi iṣẹ́, mò ń san owó ilé, mò ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe àríyá. Ara mi yá. Ìgbà tí ara yá gan-an ló sì yẹ kí ènìyàn ṣe ohun tí mò ń ṣe yìí: mò ń tún ìwé ètò mi kọ.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, WRAP (Wellness Recovery Action Plan) ni wọ́n ń pe irú ìwé náà. Mary Ellen Copeland, obìnrin Amẹ́ríkà kan tí òun fúnra rẹ̀ ti la irú àìsàn yìí kọjá, òun àti àwọn mìíràn tó ti là á kọjá ni wọ́n jọ gbé e kalẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Vermont ní 1997. Dókítà kọ́ ló ń kọ ọ́ fúnni. Ìwọ lo máa kọ ọ́ nígbà tí orí rẹ pé: ohun tó ń mú ara rẹ yá, ohun tí o gbọ́dọ̀ máa ṣe lójoojúmọ́, ohun tó máa ń rú àìsàn náà sókè, àmì àkọ́kọ́ tó máa ń yọjú, àmì pé ọ̀rọ̀ ti ń burú sí i, ohun tí o fẹ́ kí àwọn ènìyàn ṣe tí o kò bá lè dá ìpinnu ṣe mọ́, àti bí o ṣe máa padà sẹ́nu iṣẹ́ àti ilé rẹ lẹ́yìn náà.

Ibi tí mo há sí ni ti ẹni tó máa ṣe ìpinnu. Nínú ìwé mi àtijọ́, orúkọ màmá mi ló wà lókè pátápátá. Òṣogbo ni màmá mi wà. Bí orí mi bá yí ní Kubwa lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, kí ni wọ́n fẹ́ ti Òṣogbo ṣe? Ẹni tó máa kọ́kọ́ mọ̀ ni obìnrin tí ilé wa jọ kọjú síra, ọmọ Ígálà ni, a jọ ń pọn omi níbì kan náà. Ó mọ ohùn mi, ó mọ ìgbà tí mo máa ń pa jẹnẹrétọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹbí mi, kò gbọ́ Yorùbá, n kò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún un.

Ta ni ẹ̀yin kọ sí tiyín?

BàbáBùnmi_Nyanya

Ọmọ mi, Ọlọ́run á túbọ̀ fún ọ ní àlàáfíà. Inú mi dùn pé ara rẹ ti yá, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń kọ mí lóminú. Ara yá, o wá jókòó, o ń kọ bí wọ́n ṣe máa gbé ọ lọ sí ọsibítù. Ṣé kì í ṣe pé o ń fi ẹnu ara rẹ pè é padà? Àwọn àgbà wa kì í fi ẹnu pe ibi. Tẹra mọ́ àdúrà, máa lo oògùn rẹ. Ìwé yẹn, ya á.

Ọmọ_Lugbe

Bàbá Bùnmi, ẹ kú àgbà o. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ gba Nyanya lójoojúmọ́, ṣé kò sí sípíà táyà nínú bùtù yín ni? Ṣé jàǹbá lẹ ń pè nìyẹn?

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó bá gbé Àbújá fún ọdún kan tí orí rẹ̀ kò yí díẹ̀, ẹ bi í ta ló ń bá a san owó ilé.

BàbáBùnmi_Nyanya

O pa mí lẹ́rìn-ín. Táyà wà ní bùtù. Ṣùgbọ́n n kì í gbé e sórí tábìlì tí a ti ń jẹun. Bó bá jẹ́ pé ó fẹ́ kọ ọ́ kó sì tì í mọ́ ibìkan, mo gbà.

Nọ́ọ̀sì_Kàdúná

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Nọ́ọ̀sì aláìsàn ọpọlọ ni mí, Kàdúná ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá Bùnmi kò jìnnà sí òótọ́: ìwé náà kì í ṣe ohun tí à ń kà láràárọ̀. Abala ti ojoojúmọ́ nìkan ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ ara fìríìjì. Ìyókù, inú fáìlì.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí àwa ń rí lóru. Wọ́n á gbé aláìsàn dé. Àwọn tó gbé e wá, àwọn tí wọ́n jọ ń gbélé ni, tàbí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ẹbí wà ní Adó-Èkìtì tàbí ní Ṣakí. A ó béèrè oògùn tó ń lò. “Oògùn funfun kékeré kan ni.” Ẹ jọ̀ọ́, ìdajì ohun tó wà ní ilé oògùn wa ló funfun, tó sì kéré! Ẹni tó mọ̀ wà ní ìlú mìíràn, fóònù rẹ̀ sì ti kú.

Nítorí náà, orúkọ oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Kí ẹ kọ èyí tó ti ṣe yín rí náà. Haloperidol máa ń mú ọrùn ẹlòmíràn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ahọ́n á le, ojú á yí sókè. Ó ní abẹ́rẹ́ tó ń tú u, kì í ṣe èpè, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣe rí, kó kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n má bàa tún fún un láìmọ̀.

Èkejì, ẹ kọ bí ẹ ṣe rí nígbà tí ara yín yá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fo ibẹ̀. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ti ròkè láti ilé wá, tó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, tó ń rẹ́rìn-ín kèékèé, dókítà tí kò rí i rí lè rò pé àìsàn ló ń ṣe é. Ọmọ Ìbàdàn pọ̀ nínú yín, ẹ mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ̀kẹta, àmì tí ẹlòmíràn lè fi ojú rí ni kí ẹ kọ. “Inú mi kò ní í dùn” kò lè ran obìnrin Ígálà yẹn lọ́wọ́.

Ohun kan tí n kò ní í fi ṣeré: bí ọ̀rọ̀ bá ti di pé ènìyàn ń ronú láti pa ara rẹ̀, ìwé kọ́ ló kàn mọ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kí wọ́n kó ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí, oògùn tó ń lò náà wà lára rẹ̀, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù tó bá sún mọ́ wọn jù. Ẹ má dúró de ẹbí láti ìlú.

Abẹ̀kẹ́_Kubwa

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti jókòó tì í. Ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni “mi ò ní máa sùn dáadáa.” Mo ti pa á rẹ́. Ohun tí mo kọ báyìí nìyí:

Bí mo bá sùn kò tó wákàtí márùn-ún ní òru méjì tẹ̀lé ara wọn, tí kò sì rẹ̀ mí. Bí mo bá ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp láago mẹ́ta òru. Bí mo bá ra àǹkárá rẹpẹtẹ ní ọjà Wuse tí mo ní mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò. Bí mo bá ń pe ọ̀gá mi ní orúkọ lásán. Bí mo bá yáwó lórí áàpù.

Ti áàpù yẹn ló le jù. Ẹ mọ àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù láìbéèrè nǹkan kan, tí wọ́n á wá máa fi ọ̀rọ̀ burúkú ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí fóònù rẹ. Nígbà tí ara bá gbóná báyẹn, owó kì í jọ owó lójú mi. Èmi àti àbúrò mi tó wà ní Minna ti ṣàdéhùn: tó bá ti rí méjì nínú àwọn àmì yẹn, káàdì ATM mi bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀, òun ló sì máa mọ páásíwọ́ọ̀dù fóònù mi títí dókítà á fi ní ó ti tó. Mo buwọ́ lù ú. Mo mọ̀ pé màá bú u lọ́jọ́ náà. Ìyẹn náà wà nínú ìwé: “Bí mo bá bú ọ, má dá mi lóhùn, má sì dá káàdì padà.”

AlfaSabonGari

As-salaamu alaykum. Kánò ni mo wà. Lithium, oògùn irú àìsàn yìí, ni mò ń lò, mo sì fẹ́ fi ohun kan kún un tí ẹ̀yin ará Àbújá lè má rò sí: ooru àti ààwẹ̀.

Lithium kò fẹ́ràn òùngbẹ. Bí omi àti iyọ̀ bá dín nínú ara, kíndìnrín kò ní í lè dà á jáde bó ṣe yẹ, á wá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, ìgbẹ́ á máa yà, ẹsẹ̀ kò ní í dúró nílẹ̀ dáadáa bí ènìyàn bá ń rìn. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ibà ni. Ibuprofen tí à ń rà ní kẹ́míìsì fún ẹ̀yìn dídùn náà ń mú un pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ wá ro Kánò ní oṣù Kẹrin, nígbà tí ooru ń kan 40.

Nítorí náà, “oṣù Ṣàbáànì” wà nínú ìwé tèmi gedegbe. Kí Rámádàánì tó wọlé ni mo máa ń lọ rí dókítà, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, òun ló sì máa sọ bóyá mo lè gba ààwẹ̀ àti ìgbà tí mo máa lo oògùn. Ọdún kan ó ní rárá. Mo gbà. Suuratul Baqara, aya 184 àti 185, ti yọ aláìsàn sílẹ̀, kó san án padà lọ́jọ́ mìíràn, ẹni tí kò bá sì lè san án, kó bọ́ tálákà. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín nítorí ojú àwọn ará mọ́ṣáláṣí.

Tahajud, ìrun òru ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn Rámádàánì, náà ńkọ́? Mo máa ń kí àṣámù, màá lọ sùn. Ìmáàmù wa mọ ìdí.

Ọmọ_Lugbe

Alfa, ẹ ṣeun o. Èyí tí ẹ sọ nípa oorun yẹn kan àwa oníṣọ́ òru náà. Ẹ̀gbọ́n mi ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó bá pásítọ̀ rẹ̀ sọ ọ́, agogo mọ́kànlá ló máa ń lọ sílé báyìí. Àwọn kan ń kùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kùn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo ní ìbéèrè: bí ọ̀gá ibi iṣẹ́ bá rí ìwé yìí ńkọ́? Wọn kò ní lé ènìyàn?

Nọ́ọ̀sì_Kàdúná

Òfin ìlera ọpọlọ tuntun ti wà. Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ú ní oṣù Kìn-ín-ní 2023, òun ló sì gba ipò òfin wèrè tí a ti ń lò láti ayé òyìnbó, tí 1958 kọ sí lára. Òfin tuntun kò fàyè gba kí wọ́n yà ènìyàn sọ́tọ̀ níbi iṣẹ́ tàbí nínú ilé gbígbé nítorí àìsàn ọpọlọ. Ìyẹn ni òfin wí. Ẹ̀yin àti èmi sì jọ mọ ilé iṣẹ́ tí à ń gbé.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kì í ṣe gbogbo ìwé ni gbogbo ènìyàn ń gbà. Ẹni tó wà níbi iṣẹ́, ẹnì kan ṣoṣo tí o fọkàn tán, ojú ewé kan péré: àmì mẹ́ta, nọ́ńbà méjì, ọsibítù tí o fẹ́. Kò nílò láti mọ orúkọ àìsàn rẹ. Onílé kò nílò nǹkan kan. Bí ẹ bá sì wà lórí NHIA, ètò ìdójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, kí ẹ pe HMO yín, ilé iṣẹ́ tó ń bá yín bójú tó o, nísinsìnyí tí ara yá, kí ẹ bi wọ́n ọsibítù tí wọ́n ń rán aláìsàn ọpọlọ lọ. Ọ̀gànjọ́ òru kọ́ ni à ń béèrè ìyẹn.

ÌyáÌlọrin

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ mi ọkùnrin ló ní kí n wá ka ohun tí ẹ ń sọ. Ìlọrin ni mo wà, Gwarinpa ni òun wà.

Àìsàn yìí mú un lọ́dún tó kọjá. Mo ti máa ń fi èlùbọ́ àti ata gígún ránṣẹ́ sí i nínú bọ́ọ̀sì, á lọ gbà á ní gáréèjì ní Jabi lọ́jọ́ kan náà. Ó wá di pé dẹ́rẹ́bà ń pè mí: “Ìyá, ẹrù yín ṣì wà níbí o.” Mo pe ọmọ, ó ní òun á lọ. Èlùbọ́ wà ní gáréèjì títí eku fi dé ìdí àpò. N kò fura. Mo rò pé ìwà ọmọ ìlú ńlá ni.

Nígbà tí wọ́n máa fi pè mí, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti gbé e lọ síbi tí wọ́n ń gbàdúrà fún un. Ibi tí mo bá a, ṣéènì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọn kò fún un lóúnjẹ, wọ́n ní ó ń gbààwẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ la gbé e jáde lọ sí ọsibítù. Ara rẹ̀ ti bọ̀ sípò, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Mo fẹ́ kó wá sílé. Ó kọ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń pè é bi í bóyá ó ti lo oògùn, ó wá di pé kì í gbé ìpè mi mọ́. Kí ni kí n ṣe?

Abẹ̀kẹ́_Kubwa

Màmá, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ọmọ ṣe ń gbọ́ ọ. Bí màmá mi bá pè tí ọ̀rọ̀ oògùn bá ṣáájú “ṣé o jẹun”, á dà bíi pé n kì í ṣe ọmọ wọn mọ́, mo ti di aláìsàn wọn. Ẹ bi í ohun tó fẹ́ kí ẹ máa bi í. Ó lè ní kí ẹ máa bi í lọ́jọ́ Àìkú nìkan. Ẹ gbà fún un.

Ẹ̀yin gan-an sì ti rí àmì rẹ̀, ẹ rí i láti Ìlọrin! Èlùbọ́ tí kò lọ gbà. Kò sí ẹnikẹ́ni ní Gwarinpa tó lè rí ìyẹn. Ẹ sọ fún un kó kọ ọ́ sínú tirẹ̀: bí ẹrù bá sùn ní gáréèjì, kí dẹ́rẹ́bà pe màmá, kí màmá pe ẹnì kan tó wà nítòsí rẹ̀. Orúkọ ẹni yẹn ni kó fún yín.

Ti ibi tí wọ́n fi ṣéènì dè é yẹn, kó wà nínú ìwé náà pẹ̀lú. Ìwé tèmi sọ ọ́ gbangba: pásítọ̀ lè wá gbàdúrà fún mi níbi tí mo bá wà, ọwọ́ mi àti ẹsẹ̀ mi kò sí nínú rẹ̀. Wọn kò sì gbọ́dọ̀ gbé mi sínú bọ́ọ̀sì alẹ́ lọ sí Òṣogbo. Wákàtí gbọọrọ lórí títì Lọ́kọ́ja pẹ̀lú ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹ̀mí gbogbo èrò ọkọ̀ ni wọ́n fi ń ṣeré.

Ẹ̀gbá_Gwagwalada

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, ó sì yẹ kí ẹnì kan dárúkọ Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà níbẹ̀. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lambo dé ibẹ̀ ní 1954, kí ilé ìwòsàn tó parí, ó ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó wà ní àyíká, ẹbí kan gbọ́dọ̀ tẹ̀lé aláìsàn wá, ẹbí náà á máa se oúnjẹ fún un, á máa mú un lọ gba ìtọ́jú lójú mọmọ, wọ́n á padà sílé lálẹ́. Òkìkí ètò náà kàn káàkiri àgbáyé, Lambo fúnra rẹ̀ sì di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé ẹni tó bá ń sọ pé ìwé Abẹ̀kẹ́ jẹ́ àṣà òyìnbó, kó ro ìyẹn wò. Ọ̀rọ̀ pé ta ló máa dúró ti aláìsàn, àwa náà ti ń bi ara wa tipẹ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹbí tó ń tẹ̀lé ènìyàn lọ sí Aro, kò sí ní Gwagwalada. A gbọ́dọ̀ fi orúkọ kọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì_Kàdúná

Bàbá, ẹ ṣeun. Ibi tí gbogbo ènìyàn ń gbàgbé ni ẹ̀yìn ọsibítù. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá dá ènìyàn sílẹ̀ le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìmẹ́èlì ti kún, oúnjẹ ti bà jẹ́ nínú fìríìjì, owó iná ti tán, ènìyàn rántí ohun tó sọ sí àwọn ẹlòmíràn, ojú sì ń tì í. Oògùn ṣì ń mú kí oorun kun ún. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí: ta ló máa sùn lọ́dọ̀ yín? Ta ló máa bá yín fọ aṣọ? Ohun wo ni ẹ kò ní í fọwọ́ kàn fún oṣù kan? Fífi iṣẹ́ sílẹ̀, kíkọ ọkọ, títa ilẹ̀, ẹ má ṣe wọ́n lásìkò náà. Ẹ̀bẹ̀ náà, kó máa wá díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni kí ènìyàn pe gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp bẹ̀.

BàbáBùnmi_Nyanya

Nọ́ọ̀sì, ibi tí o dé yìí ló mú mi. Àbúrò mi kan wà ní Mararaba, wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọsibítù láìpẹ́, ẹnikẹ́ni kò sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Màá kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀ lálẹ́ òní. Kí n ra kí ni lọ?

Nọ́ọ̀sì_Kàdúná

Oúnjẹ gbígbóná, ẹ̀yin náà. Ẹ má gbé ìwé kankan lọ lálẹ́ òní.

ÌyáÌlọrin

Ó gbé ìpè mi o. Mo bi í ohun tó fẹ́ kí n máa bi í. Ó dákẹ́, ó wá ní kí n máa sọ fún òun bí ẹja ṣe wọ́n tó ní ọjà Ìpàta. Ọ̀rọ̀ oògùn, ọjọ́ Àìkú. Ó ní ọkùnrin Haúsá tó ń ta ẹran lẹ́nu géètì wọn ni kí n pè bí ẹrù bá sùn ní gáréèjì. Ó ti gba nọ́ńbà rẹ̀ fún mi.

Abẹ̀kẹ́_Kubwa

Màmá, inú mi dùn! Ìròyìn tèmi rè é. Mo bá aládùúgbò mi sọ̀rọ̀. Kò yà á lẹ́nu, ó ní òun ti ń wo jẹnẹrétọ̀ mi tipẹ́. Ìbéèrè rẹ̀ kan ṣoṣo ni bí òun ṣe máa bá màmá mi sọ̀rọ̀, nítorí wọn kò gbọ́ òyìnbó. Nítorí náà òun ló wà ní ipò kìn-ín-ní, àbúrò mi ní Minna ṣe ìkejì, òun ló máa pe ilé. Ipò kẹta ni màmá mi, wọ́n sì ti bínú.

BàbáBùnmi_Nyanya

Ìyá tó bí ọ ní ipò kẹta? Gbé wọn sí ìkejì o.

Abẹ̀kẹ́_Kubwa

Bàbá, ìkẹta ni. Wọ́n ti gbà. Wọ́n ní kí n ṣáà fi nọ́ńbà ọmọ Ígálà náà ránṣẹ́, àwọn fẹ́ fi gààrí ránṣẹ́ sí i.